Aláboyún Ń Rọbí Lóru: Ilẹ̀kùn Wo Ni Ó Ṣí?

Ẹ jẹ́ kí a bi yín ní ìbéèrè kan kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Bí ìrọbí bá mú aya yín tàbí ọmọbìnrin yín ní aago méjì òru, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń dà lára rẹ̀, ilé ìwòsàn wo ni ẹ ó gbé e lọ? A kò béèrè ilé ìwòsàn tí ẹ mọ̀ o. Kò sí ẹni tí kò mọ ọ̀kan. Ohun tí a ń béèrè ni èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ yóò ṣí ní aago náà, tí nọ́ọ̀sì yóò wà níbẹ̀, tí iná yóò tàn, tí wọn yóò sì lè fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára bí ó bá di dandan. Bí ẹni tí ń gbé ní Òkèfìà bá lè dáhùn, nítorí pé inú ìgboro Òṣogbo ni ó wà, tí ọsibítù ìjọba tí ó wà ní Asùbíàrò kò sì ṣòro fún un láti dé, ẹni tí ń gbé ní abà kòkó kan lẹ́yìn Ìpẹrìndó ńkọ́?

Ìdáhùn sí irú ìbéèrè báyìí ni àwọn onímọ̀ ń gbìyànjú láti kó jọ sórí ohun tí wọ́n ń pè ní máàpù ìlera. Kì í ṣe irú máàpù tí a máa ń rí lára ògiri kíláàsì nígbà tí a wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí olùkọ́ máa ń fi pàṣán tọ́ka sí odò Ọya lórí rẹ̀. Inú fóònù àti kọ̀ǹpútà ni èyí wà. Bí ènìyàn bá fi ìka tẹ àmì kékeré kan, yóò sọ fún un pé ilé ìwòsàn báyìí nìyí, aago báyìí ni wọ́n ń ṣí, ọjọ́ báyìí ni wọ́n ń gún àwọn ọmọdé ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, agbẹ̀bí wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Bí ó bá tẹ ibòmíràn, yóò rí iye ọmọ tí wọ́n bí ní wọ́ọ̀dù náà ní oṣù tí ó kọjá, àti iye tí èéyi mú. Bí ó ti bi í léèrè ni yóò ṣe dá a lóhùn.

A ń kọ̀wé yìí nítorí pé ó ṣeé ṣe kí ẹ rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n mú fóònù lọ́wọ́, tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà ilé ìwòsàn ládùúgbò yín, kí ẹ sì rò pé àwọn agbowó-orí ni. A sì ń kọ ọ́ nítorí pé irú máàpù bẹ́ẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́ bí àwọn tí ó mọ àdúgbò kò bá bá wọn dá sí i. Àwọn tí ó mọ àdúgbò ọ̀hún, ẹ̀yin ni.

ÀLÙFÁÀ KAN NÍ SOHO

Ọ̀rọ̀ máàpù àti àìsàn kì í ṣe ti òní. Ní ìparí oṣù kẹjọ ọdún 1854, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò Soho ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta péré, ènìyàn 127 ni ó kú ní òpópónà kan tí wọ́n ń pè ní Broad Street àti àyíká rẹ̀. Kí àrùn náà tó kásẹ̀ nílẹ̀, àwọn tí ó kú ti lé ní 600. Ní ayé ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbàgbọ́ pé afẹ́fẹ́ tí ń rùn ni ó ń gbé onígbáméjì kiri. Dókítà kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ John Snow kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó ní inú omi ni ó wà. Ó gba orúkọ àwọn tí ó kú, ó tọ ilé wọn lọ, ó sì rí i pé omi ẹ̀rọ tí ó wà ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń mu. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà tọ àwọn aláṣẹ àdúgbò lọ, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án, wọ́n yọ ọwọ́ ẹ̀rọ omi náà kúrò. Lẹ́yìn náà ni ó tẹ máàpù rẹ̀ jáde, èyí tí àwọn oníṣègùn ṣì fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn títí di òní. Fún òkú kọ̀ọ̀kan, ó fa ìlà dúdú kékeré kan sí iwájú ilé tí òkú náà ti jáde. Àwọn ìlà náà ṣù jọ yí ẹ̀rọ omi ọ̀hún ká bí eṣinṣin ṣe ń ṣù bo egbò.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń parí ìtàn náà sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnìkan wà nínú rẹ̀ tí ó yẹ kí àwa ará ìjọ mọ̀. Henry Whitehead ni orúkọ rẹ̀. Igbákejì àlùfáà ni ní ìjọ Lúùkù Mímọ́ ní Soho, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Òun ni ó ń bẹ àwọn aláìsàn náà wò láti yàrá dé yàrá. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí Snow sọ, kò gbà á gbọ́ rárá; ó tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí tirẹ̀ láti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó padà sí ilé kan náà lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ó bi àwọn tí ó kù láyé léèrè pé, ta ni ó mu omi náà, ta ni kò mu ún, ọjọ́ wo ni? Nígbà tí yóò fi parí, ìwádìí tí ó fẹ́ fi já Snow nírọ́ ti sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí fún Snow. Òun náà ni ó sì rí ibi tí ọ̀ràn ti bẹ̀rẹ̀: ọmọ ọwọ́ kan ní ilé nọ́ńbà 40 ní Broad Street, tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń yọ lẹ́nu kí àrùn náà tó bẹ́ sílẹ̀, tí ìyá rẹ̀ sì ń da omi tí ó fi fọ ìlédìí rẹ̀ sínú kòtò ìdọ̀tí ilé náà. Nígbà tí wọ́n wú ibẹ̀ ní ọdún 1855, wọ́n rí i pé bíríkì kòtò náà ti jẹrà, kò sì jìnnà sí kànga ẹ̀rọ omi náà ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ.

Ẹ kíyèsí i pé dókítà ni ó ní máàpù, ṣùgbọ́n àlùfáà ni wọ́n ń ṣílẹ̀kùn fún. Àwọn ènìyàn jókòó bá a sọ ọ̀rọ̀ ìlédìí àti ìgbẹ́ gbuuru nítorí pé wọ́n mọ̀ ọ́n kí wàhálà tó dé. Ẹni tí ó bá ka ìwé Jóṣúà orí kejìdínlógún yóò rí irú iṣẹ́ yìí níbẹ̀: kí wọ́n tó pín ilẹ̀ tí ó kù, ènìyàn mẹ́ta mẹ́ta láti inú ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ni wọ́n rán lọ láti rin ilẹ̀ náà já, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé ní ìlú dé ìlú. Wọn kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún àlejò.

ÌMẸ̀SÍ-ILÉ TI ṢE É RÍ

A kò ní láti lọ sí Lọ́ńdọ̀nù kí a tó rí irú rẹ̀. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní tirẹ̀, ó sì dùn wá pé àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n mọ̀ ọ́n kò pọ̀ tó.

Ní ọdún 1956, dókítà àwọn ọmọdé kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Morley, dé sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, tí ó sì di apá kan ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀ ní ọdún 1975. Ibà, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru, èéyi àti àìjẹunrekánú ni ó ń gbé àwọn ọmọdé wá síbẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí kí wọ́n tó gbé wọn dé. Morley rí i pé bí òun bá jókòó sí Iléṣà títí, òun kò ní mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ sí ọmọ kí ìyá rẹ̀ tó pọ̀n ọ́n dé ọ̀dọ̀ òun. Nítorí náà, òun àti àwọn nọ́ọ̀sì tí ó bá a ṣiṣẹ́ gba Ìmẹ̀sí-Ilé lọ, ìlú àárín òkè nì tí ìtàn ogun Kírìjì kò lè gbàgbé. Wọ́n kọ orúkọ àwọn ọmọ tí wọ́n bí ní ìlú náà sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ̀ lé wọn títí wọ́n fi pé ọmọ ọdún márùn-ún. Ọdún 1957 ni ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ohun kan tí ó ti ibẹ̀ jáde ni káàdì. Wọ́n máa ń gbé ọmọ lé òṣùwọ̀n, wọn a sì fi àmì sí ibi tí ìwọ̀n rẹ̀ bọ́ sí lórí káàdì náà. Ìlà méjì ni ó wà lórí rẹ̀. Bí àmì ọmọ bá ń gòkè láàárín ìlà méjèèjì, ọmọ wà lójú ọ̀nà. Bí àmì bá dúró sójú kan fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, ewu ti wọlé nígbà tí ojú ìyá kò tíì rí nǹkankan. Ilé ni káàdì náà ń gbé, lọ́wọ́ ìyá, kì í ṣe nínú dúrọ́ọ̀ ọsibítù. Àwọn ìyá tí púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà sì tọ́jú rẹ̀ bí ẹni tọ́jú ìwé ilẹ̀. Láti Ìmẹ̀sí-Ilé ni irú káàdì yìí ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ gbé káàdì ìwọ̀n dání lọ sí ilé ìwòsàn fún àwọn ọmọ yín, ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ pé ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni ẹ fi káàdì yín jọ.

Nígbà tí àwọn olùwádìí fi Ìmẹ̀sí wé ìlú mìíràn tí kò ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀, àwọn ọmọdé tí ń kú ní Ìmẹ̀sí kéré gan-an sí ti ìlú kejì. Kì í ṣe oògùn nìkan ni ó fa èyí. Ìdí kan ni pé wọ́n mọ iye ọmọ tí ó wà. Bí ogójì ọmọ bá gba abẹ́rẹ́ èéyi lónìí, ẹnikẹ́ni kò lè sọ bóyá iṣẹ́ ti dára, àfi bí ó bá mọ̀ bóyá àádọ́ta ọmọ ni ó wà ní ìlú tàbí igba.

ÀWỌN TÍ KÌ Í RÌN DÉ ỌSIBÍTÙ

Sòbìà ni ó kọ́ Nàìjíríà láti wá abúlé kiri. Àwọn àgbà inú ìjọ yóò rántí bí kòkòrò náà ṣe ń yọ lẹ́sẹ̀ ènìyàn ní ìgbà iṣẹ́ oko gan-an. Nígbà tí wọ́n rin orílẹ̀-èdè yìí láti abúlé dé abúlé ní ọdún 1987 sí 1988, àwọn tí wọ́n rí tí sòbìà ń dá lóró lé ní 650,000. Iye tí ìwé ọsibítù ti ń sọ tẹ́lẹ̀ kò súnmọ́ èyí rárá, ó sì yé ni: ẹni tí sòbìà mú lẹ́sẹ̀ kì í rìn dé ọsibítù. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti yan ẹnìkan ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí yóò máa kọ orúkọ sílẹ̀ lóṣooṣù. Ọdún 2008 ni a rí ẹni tí ó ní i gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì fọwọ́ sí i ní ọdún 2013 pé a ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti rọpárọsẹ̀ náà fara jọ ọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ń fún ọmọdé ní àjẹsára lókè Ọya ń lo máàpù tí wọ́n fi bírò yà sórí ìwé. Láti ọdún 2012, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwòrán tí sátẹ́láìtì yà láti òfurufú wo ilẹ̀, wọ́n sì ń fi fóònù tí ń sọ ibi tí ènìyàn wà sí ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Wọ́n rí àwọn abúlé àti ibùdó àwọn darandaran tí kò sí lórí ìwé kankan. Wọ́n tún rí ohun mìíràn tí a kò ní fi bò: fóònù fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ kan tí wọ́n ní àwọn ti dé abúlé báyìí kò dé ibẹ̀ rárá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé rọpárọsẹ̀ ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ Áfíríkà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yà mìíràn rẹ̀ ṣì ń yọjú, tí a kò sì gbọdọ̀ dáwọ́ àjẹsára dúró.

SÁTẸ́LÁÌTÌ RÍ ÒRÙLÉ

Ẹ jẹ́ kí a wá sílé. Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ìjọba ìbílẹ̀ 30 àti wọ́ọ̀dù 332. Ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá ni ó pín ìgboro Òṣogbo láàárín ara wọn. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ní mẹ́fà: Ìlà Oòrùn Iléṣà, Ìwọ̀ Oòrùn Iléṣà, Atákúnmọ́sà méjèèjì, Ọbòkun àti Oríadé. Kì í ṣe pé a fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Ìjọba àpapọ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n ń pè ní Health Facility Registry, ti ìjọba àti ti aládàáni. Àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé ń fi iye aláboyún tí wọ́n rí, iye ọmọ tí wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀ àti iye abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún ránṣẹ́ lóṣooṣù sórí ètò kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ DHIS2. Máàpù ọ̀fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní OpenStreetMap, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2004, tí ẹnikẹ́ni lè fi òpópónà tirẹ̀ kún. Ní Ilé-Ifẹ̀ pàápàá, ilé-ẹ̀kọ́ kan wà láti ọdún 1972 tí ń kọ́ àwọn ará Áfíríkà ní iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ láti òfurufú. RECTAS ni a mọ̀ ọ́n sí tẹ́lẹ̀, AFRIGIST ni wọ́n ń pè é báyìí.

Kí ni ó wá kù? Sátẹ́láìtì rí òrùlé, kò rí nọ́ọ̀sì. Kò mọ̀ pé ilé ìwòsàn kan tí ó ní àmì lórí máàpù, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Kò mọ̀ pé orúkọ tí ìjọba kọ sára pátákó kọ́ ni àwọn ará àdúgbò ń pe ibẹ̀. Àwọn àgbà Ìjẹ̀ṣà míràn ṣì ń pè é ní dìsípẹ́ńsárì, orúkọ baálẹ̀ ni àwọn mìíràn sì ń pè mọ́ ọn. Bí àlejò bá ń béèrè orúkọ ara pátákó, wọn yóò ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, òun yóò sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí ilé ìwòsàn níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà tún wà. Máàpù lè sọ pé kìlómítà mẹ́rin ni láti abà kan dé ilé ìwòsàn. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ pé ẹyẹ ni aláboyún. Ilẹ̀ olókè ni ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, àárín oko kòkó ni ọ̀pọ̀ abà wà, odò kékeré tí ọmọdé ń fò kọjá ní oṣù kìíní lè gbé alùpùpù lọ ní oṣù kẹsàn-án. Àwọn onímọ̀ sọ pé ìdádúró mẹ́ta ni ó ń pa aláboyún: wọ́n pẹ́ kí wọ́n tó pinnu láti gbé e lọ, wọ́n pẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n tún pẹ́ kí wọ́n tó dá a lóhùn nígbà tí ó dé ibẹ̀. Máàpù tí ó bá fẹ́ ran ọ̀ràn yìí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ sọ bí ọ̀nà ṣe rí nígbà òjò, ẹni tí ó lè sọ ọ́ ni ẹni tí ń gba ibẹ̀ lọ sí oko.

Nítorí náà, bí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, iṣẹ́ ẹsẹ̀ ni. Kí wọ́n dúró sí ẹnu ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn kí fóònù sọ ibi tí wọ́n wà, kí wọ́n bi olórí nọ́ọ̀sì ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ta ni ó ń sun ibẹ̀? Ibo ni omi ti ń wá? Ọjọ́ wo ni ti aláboyún, ọjọ́ wo ni ti àjẹsára? Bí ọ̀ràn bá ju agbára wọn lọ, ibo ni wọ́n ń kọ̀wé rán aláìsàn lọ? Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n béèrè rẹ̀ sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Ní èrò tiwa, ọjọ́ yìí ṣe pàtàkì ju ohun yòówù tí ó wà lórí máàpù lọ, nítorí nọ́ọ̀sì ń lọ, nọ́ọ̀sì ń bọ̀. Máàpù tí kò sọ ìgbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò kẹ́yìn lè gbé aláboyún kọjá ilẹ̀kùn tí ó ṣí lọ sí èyí tí ó tì. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín oṣù mẹ́ta ni ó yẹ kí ẹnìkan padà lọ béèrè, a sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ yìí ti ń kú: owó àti ariwo máa ń wà fún ìbẹ̀rẹ̀, kì í sí fún ìpadàlọ. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin tí ń ṣe ìbẹ̀wò láti ilé dé ilé, tí wọn kì í gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, lè ṣe é pẹ́ ju ilé-iṣẹ́ ńlá lọ.

ODÒ KAN NÁÀ NI Ó SO WÁ PỌ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé kí ló dé tí a fi ń sọ Òṣogbo àti Ìjẹ̀ṣà pọ̀. Ẹ wo odò Ọ̀ṣun. Láti nǹkan bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni omi rẹ̀ ti yí padà, tí ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ka ẹ̀bi rẹ̀ sí àwọn tí ń wa wúrà lọ́nà àìtọ́ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà lókè odò. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà. Ohun tí ìwakùsà wúrà lè ṣe kì í ṣe àlọ́: ní Ìpínlẹ̀ Zamfara ní ọdún 2010, òjé tí ó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ láti yọ wúrà pa ọmọdé tí ó tó 400, ọ̀pọ̀ òbí sì kọ́kọ́ rò pé ibà ni.

Bí akọ̀wé ilé ìwòsàn kan lẹ́bàá Iléṣà bá rí ọmọ mẹ́ta tí gìrì ń gbé, yóò kọ mẹ́ta sínú ìwé rẹ̀, yóò sì pa á dé. Bí èkejì rẹ̀ ní Òṣogbo bá rí méjì, òun náà yóò kọ méjì. Ìgbà tí iye méjèèjì bá wà lórí máàpù kan náà, tí àmì ibi tí wọ́n ti ń wa wúrà àti ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi sì wà lórí rẹ̀, ni ẹnìkan tó lè dúró bi ara rẹ̀ pé kí ni èyí.

ILÉ AGBẸ̀BÍ ÌJỌ ŃKỌ́?

A dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan àwa fúnra wa. Nínú àkọsílẹ̀ àwọn ilé ìwòsàn, ilé agbẹ̀bí ìjọ kì í sábà sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n bí sí irú ilé bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àdúrà àti omi gbígbóná, tí a sì fi ògo fún Ọlọ́run. Àwọn kan nínú wa ní kí a má ṣe jẹ́ kí wọ́n fi sórí máàpù, pé ìjọba yóò wá tì í pa. Àwọn kan nínú àwọn oníṣègùn náà ní kí wọ́n má ṣe fi síbẹ̀, pé kì í ṣe ilé ìwòsàn.

Àwa kò gba ti ìhà méjèèjì. Ẹni tí a kò bá rí kò lè rí ìrànlọ́wọ́. Bí agbẹ̀bí ìjọ bá wà lórí máàpù, nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù yóò mọ̀ pé òun ní láti bẹ̀ ẹ́ wò, láti kọ́ ọ ní àmì ewu, láti wá gún àwọn ọmọ tuntun ní abẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n kí àmì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ọ̀tọ̀, kí a sì kọ ohun tí kò lè ṣe sí ìdí rẹ̀ láìfi igbá bò ó: kò sí ẹ̀jẹ̀ níbí, kò sí iṣẹ́ abẹ níbí. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ lè kú láàárín wákàtí díẹ̀. Agbẹ̀bí tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí èyí, ó mọ ibi tí iṣẹ́ òun parí sí. Ẹni tí yóò bínú ni ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù, a sì sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gbà pé Ọlọ́run ń wo aláìsàn sàn.

OHUN TÍ KÒ GBỌDỌ̀ SÍ NÍBẸ̀

Ìkìlọ̀ kan wà tí a kò lè fò. Máàpù wà láti fi iye hàn, kò wà láti fi ènìyàn hàn. Òfin ètò ìlera orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ka ọ̀rọ̀ aláìsàn sí àṣírí, òfin ọdún 2023 lórí ààbò ìsọfúnni ènìyàn sì tún dì í le. Ẹ má sì rò pé yíyọ orúkọ kúrò ti tó. Nínú abà tí ilé mẹ́fà wà, bí ẹ bá kọ pé ẹnìkan níbẹ̀ ní ikọ́ ife tàbí kòkòrò apasọ́dà ara, gbogbo ọjà ti mọ ẹni náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Kí irú iye bẹ́ẹ̀ wà ní ìpele wọ́ọ̀dù tàbí ìjọba ìbílẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀ dé ojúlé. Àwa olùṣọ́-àgùntàn ni ìkìlọ̀ yìí kàn jù, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn sọ fún wa lórí eékún wọn pọ̀ ju ohun tí wọ́n sọ fún dókítà lọ. Ohun tí ẹnìkan fi bẹ̀ wá pé kí a gbàdúrà sí, a kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tí ń ya máàpù, bí ó ti wù kí iṣẹ́ rẹ̀ dára tó.

Ohun tí a lè fi sílẹ̀ láìsí ìbẹ̀rù ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní àwọn ìpínlẹ̀ kan lókè Ọya, ẹgbẹ́ awakọ̀ NURTW gbà láti kọ orúkọ àwọn awakọ̀ tí yóò máa gbé aláboyún láti abúlé dé ọsibítù, tí wọn kò sì ní gbà ju owó epo lọ. Ohun tí wọ́n fi ń san án fún awakọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé bí ó bá padà dé gáréèjì, kò ní tò. Iwájú ìlà ni wọn yóò gbé e sí. Kò sí gáréèjì kankan ní Òṣogbo tàbí ní Iléṣà tí irú èyí yóò ṣòro fún. Ní abà tí mọ́tò kò dé, ọlọ́kadà ni a ó kọ sórí máàpù, bí òun fúnra rẹ̀ bá gbà, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù rẹ̀, àti nọ́ńbà ẹnìkejì tí yóò jókòó lẹ́yìn láti di aláboyún mú.